Kí ẹ tó ra páàtì, ẹ gbọ́ ohùn ọkọ̀: ìrírí mi pẹ̀lú Corolla tòkunbọ̀

Lọ́jọ́ tí mo lọ ra ọkọ̀ yìí, mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbóná. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń tà á ti ṣáná sí i kí n tó dé, ẹ́ńjìnnì ń lọ wẹ́rẹ́, inú mi dùn, mo sanwó. Toyota Corolla 2005 ni, oní lítà 1.8, ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí 1ZZ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, mo ṣáná sí i, ó dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó sì dákẹ́. Àyà mi já.

Ooru ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ níbi tí mo ti rà á. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í lo bẹ́líìtì fún táímíìnì (ohun tó ń mú kí àwọn ohun inú ẹ́ńjìnnì yí papọ̀ lásìkò), ṣéènì ló ń lò. Ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tensioner ló ń fi agbára ọ́ìlì ti ṣéènì náà kó má baà dẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sùn tí ọ́ìlì ti ṣàn padà sísàlẹ̀, ṣéènì á dẹ̀, á máa na ara rẹ̀ títí ọ́ìlì yóò fi tún gòkè. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá ní kí n lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì Belgium. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí owó ò sí lọ́wọ́. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ò dé ilà ìsàlẹ̀ rárá. Fílítà tó wà lára rẹ̀ náà jẹ́ ayédèrú, irú èyí tí rọ́bà inú rẹ̀ kò lè dá ọ́ìlì dúró bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo fi fílítà gidi sí i, ariwo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta di ohun tí etí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ mọ́. Ká ní kò lọ ni, tensioner ni ì bá kàn. Ìta ẹ́ńjìnnì 1ZZ ló wà, nọ́ọ̀tì méjì ló dè é mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá wà níta, torí ṣéènì lè fo eyín. Rọ́bà róbótó tó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú máa ń jò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì wọn nítorí ọ́ìlì tó ń kán lápá ibẹ̀, rọ́bà yẹn nìkan ló fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i. Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ pa rédíò, ẹ pa AC, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà kó máa wo èéfín. Èéfín dúdú, ó ń sun bẹntiróòlù jù. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń sun. Èyí tó funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, omi ló ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀pù gásìkẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa fura sí.

Ibi tí owó ti bọ́ lọ́wọ́ mi jù ni ariwo kejì. Kó-kó-kó níwájú, lápá ọ̀tún, nígbàkigbà tí mo bá ń rọra wọ́ kọjá lójú títì tó ti jẹ. Mo sọ fún mẹkáníìkì pé ọkọ̀ ń dún níwájú, ó ní ṣọ́ọ̀kì ni. Mo ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Kó-kó-kó. Ó ní irin apá ìsàlẹ̀ tó gbé táyà dání ni, pẹ̀lú búṣì rẹ̀. Mo lọ Ládípọ̀ ní Múṣín, mo rà á. Kó-kó-kó. Ó wá di pé tí mo bá gbé èèyàn, màá tan rédíò sókè kó má baà gbọ́. Ohun tó ń dún ni líńkéèjì stabilizer (irin tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì kí ọkọ̀ má baà fì jù), ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn tó apá, tó ní orí bọ́ọ̀lù lókè àti nísàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rà, òun ni owó rẹ̀ kéré jù.

Ó dùn mí gan-an, nítorí pé àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú méjèèjì wà nílẹ̀ lórí ibi tó tẹ́jú. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ẹyọ kan sókè, irin stabilizer á lọ́, á fún líńkéèjì pa, kò ní mì mọ́. Ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn táyà, ẹ di ọ̀pá náà mú, kí ẹnìkejì máa ti ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá ti gbó, ẹ ó gbọ́ ọ, ìka yín á sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ tú líńkéèjì ọ̀tún àti ti òsì, ẹ so wọ́n kúrò lọ́nà, ẹ wa ọkọ̀ náà kọjá ní ibi gegele tó ń dún yẹn, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ọkọ̀ á máa fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ẹ bá ya kọ́nà. Bó bá dákẹ́, ẹ ti rí i. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń yí pẹ̀lú ọ̀pá, nítorí náà ẹ nílò álẹ́nì kíì láti di àárín rẹ̀ mú. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo mọ ìyàtọ̀ ohùn wọn. Líńkéèjì ń sọ kó-kó-kó léraléra lórí gegele kéékèèké, bí ọkọ̀ bá ń lọ ní bíi 10 sí 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Ṣọ́ọ̀kì àti ìdè òkè rẹ̀ ń sọ gbì lẹ́ẹ̀kan nínú kòtò ńlá. Búṣì irin apá ń sọ gbù bí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá tú u sílẹ̀. Ball joint, orí bọ́ọ̀lù tó so irin apá mọ́ ìdí táyà, ń ró kẹ̀ẹ́ bí ẹ bá ń yí stíárìn lójú kan. Ti ball joint kò ṣeé fi falẹ̀, torí bó bá já, táyà á ṣubú sábẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí. Etí wa ti mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ kí a tó mọ̀wé kà. Ẹ kọ ariwo náà sílẹ̀ bó ṣe ń fọ̀ gan-an. Ohun kékeré tó ń yí kíákíá máa ń fọ ohùn òkè: fíìì, ṣíìì. Ohun tó wúwo máa ń fọ ohùn ìsàlẹ̀: gbù, gbọ̀, wùù. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìgbà tó ń sọ ọ́ (tútù tàbí gbígbóná, ìdúró tàbí ìrìn, kọ́nà ọ̀tún tàbí òsì) àti ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ yìí ni mẹkáníìkì kì í bi yín, òun ló sì ń tọ́ka jù. Bí ariwo bá wà nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí P tí ẹ ń tẹ ẹsẹ̀ epo, ìhà ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá jẹ́ ìgbà ìrìn nìkan, ẹ wá títì tó tààrà tó ṣófo, ẹ fi gíà sí N nígbà tó ń sáré lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀ tí ariwo ò yí padà, ọ̀dọ̀ táyà ni kí ẹ lọ. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ o, bíréèkì àti stíárìn á le mọ́ yín lọ́wọ́.

Fíìì ló kàn, ní òwúrọ̀ òjò àti nígbà tí mo bá tan AC. Mo ṣe àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: mo fi ọṣẹ pa bẹ́líìtì. Ó dákẹ́ ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó burú sí i, torí ọṣẹ ń kó eruku, ó sì ń mú kí rọ́bà máa yọ̀. Omi ni kí ẹ lò, kì í ṣe láti fi wò ó sàn bí kò ṣe láti fi bi í léèrè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ike ìfúnmi wọ́n omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ilà. Bí ariwo bá dákẹ́ díẹ̀ tó tún padà, púlì kan ti wọ́, kò tò mọ́ àwọn yòókù. Bó bá le sí i lójú ẹsẹ̀, bẹ́líìtì ti dẹ̀, ó ń yọ̀. Ẹ ká apá bùbá sókè, ẹ yọ ohun tó bá rọ̀ mọ́ ọrùn yín kí ẹ tó súnmọ́ ibẹ̀.

Èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan pẹ̀lú omi, nítorí náà mo yọ bẹ́líìtì, mo ṣáná sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 20 péré. Kò gbọdọ̀ pẹ́, torí bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Ariwo kú. Ó túmọ̀ sí pé ohun kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń ké. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára máa ń yí láìfọhùn, èyí tó ti gbó á dún bí ẹni ń tẹ iyanrìn. Púlì tó ń fa bẹ́líìtì le ni. Ká ní mo bá a lọ títí tí bẹ́ríǹgì rẹ̀ fi gan, bẹ́líìtì ì bá já lójú ọ̀nà, omi ì bá dáwọ́ dúró, báńtírì ì bá kú.

Wùùù tó ń ga bí ọkọ̀ ṣe ń sáré kò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ mi, torí mo ti gbọ́n díẹ̀. Bẹ́ríǹgì táyà àti táyà tó jẹ gegele ń fọ ohùn kan náà. Ní bíi 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ rọra da ọkọ̀ sí òsì díẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ á lọ sí ọ̀tún. Bí wùùù bá le sí i, bẹ́ríǹgì ọ̀tún ni. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ fi táyà iwájú ṣe ti ẹ̀yìn. Bí ohùn náà bá bá táyà lọ sẹ́yìn, ẹ má ra bẹ́ríǹgì. Tà-tà-tà tó ń dún nígbà tí ẹ bá kọ́ stíárìn dópin tí ẹ sì tẹ epo, oríkèé ṣáfútù, irin tó ń yí táyà, nìyẹn. Ẹ wo inú rọ́bà rẹ̀; bí gíríìsì bá ti fọ́n sí inú ríìmù, rọ́bà ti ya. Bí ẹ bá tètè rí i, rọ́bà tuntun àti gíríìsì tó. Bí iyanrìn bá ti wọ̀ ọ́, ó di odindi ṣáfútù.

Lẹ́yìn náà ni iná Check Engine tàn. Wọ́n fọ ọkọ̀ náà fún mi níbi ìfọkọ̀, wọ́n sì fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kí n tó délé ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, iná náà sì ń ṣẹ́jú. Bó bá tàn tí ò ṣẹ́jú, ẹ lè wà á délé. Bó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná ló ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó sì ń ba katalísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, jẹ́. Ẹ rọra páàkì. Rewáyà tó wò ó ní brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ti jó. Mi ò gbà. Mo ra sìkánà kékeré oní Bluetooth, ELM327, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ stíárìn, nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti ti Yúróòpù oníbẹntiróòlù láti 2001. Ó kọ P0303: sílíńdà kẹta kò jóná. Nọ́ḿbà tó kẹ́yìn ni sílíńdà, láti P0301 dé P0304, ìkíní sì wà lápá bẹ́líìtì. P0300 túmọ̀ sí pé kò dúró sójú kan.

Kọ́ìlì mẹ́rin tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná ló wà lórí ẹ́ńjìnnì náà, bóòtì onísípánà 10 kan ló mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé kọ́ìlì kẹta sí ipò kejì, kí ti kejì lọ sí ipò kẹta, ẹ pa kóòdù náà rẹ́, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí P0303 bá di P0302, kọ́ìlì yẹn ló ti kú, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ ó rà. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, kí ó tó kan nósù tó ń fún epo. Èmi ò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí mo fa kọ́ìlì kẹta yọ, omi ló kún ihò púlọ́ọ̀gì. Mo fi aṣọ wé igi, mo fà á gbẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó fi afẹ́fẹ́ fún un, ó jóná padà. Ká ní ọ́ìlì ni mo bá níbẹ̀ dípò omi, rọ́bà tó yí ihò yẹn ká lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ló máa jẹ́. Láti ọjọ́ náà, aṣọ tútù ni mo fi ń nu ẹ́ńjìnnì mi.

Sìkánà yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnì kan ti yọ thermostat ọkọ̀ yìí, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, jù nù. Wọ́n máa ń ní ìlú wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 82°C ni ti ẹ́ńjìnnì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa sáré yípo, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó lójú títì gbọọrọ, kọ̀ǹpútà á rò pé àárọ̀ ni, á máa da epo sí i. Ibi tí bẹntiróòlù mi ń lọ nìyẹn. Mo fi òmíràn sí i, abẹ́rẹ́ ìgbóná dúró sí àárín.

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń gbóná. Bó bá jẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ nígbà tó ń sáré, fáànù ni. Ẹ tan AC, kí fáànù yí. Bí kò bá yí, ẹ fi rílé (ohun kékeré tó ń tan fáànù) mìíràn tí nọ́ḿbà rẹ̀ bá a mu dán an wò kí ẹ tó ra fáànù. Bó bá jẹ́ lójú ọ̀nà ìrìn àjò ló ti ń gbóná, rédíétọ̀ ti dí tàbí omi ò yípo dáadáa. Omi ẹ̀rọ lásán ló sábà ń fi ìpẹtà dí i. Ẹ po coolant mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Mo mọ ẹni tí ojú rẹ̀ bó.

Ìkẹyìn nínú àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi wá ni P0171: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Sìkánà máa ń fi ìdá epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un hàn yín, wọ́n ń pè é ní fuel trim. Bó bá kọjá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìdúró, tó sì rọlẹ̀ sẹ́bàá òdo nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló ń ga, ẹ wo pọ́ǹpù epo àti sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí. Ti èmi jẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo fi rọ́bà tín-ínrín kan, nǹkan bíi mítà kan, há etí, mo ń fi ẹnu rẹ̀ kejì wá ojú ibi tó ń fa ṣíìì. Ọ̀pá rọ́bà oníṣẹ́po tó ti ilé fílítà afẹ́fẹ́ wá ti sán láàárín ìṣẹ́po rẹ̀, ibi tí ojú ò lè rí àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ. Ohun tó sán an ni síítì ẹ́ńjìnnì (ìjókòó tó di ẹ́ńjìnnì mú) tó ti kú: gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ epo, ẹ́ńjìnnì á fò, á sì fa rọ́bà náà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń sọ gbì nígbà tí mo bá ti P sí D, tó sì ń gbọ̀n lórí D ju N lọ. Àmì méjèèjì ti wà nínú ìwé mi fún oṣù mẹ́ta, mi ò so wọ́n pọ̀. Ká ní ọ̀pá rọ́bà tuntun nìkan ni mo fi sí i, ì bá tún sán láìpẹ́.

Ohùn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró wádìí lórí ìrìn. Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tó ń le bí ẹ bá tẹ epo. Bẹ́ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ pa á níbi tó bá ti bá yín, ẹ wá ẹni tó máa fà á. Èmi súnmọ́ ọn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn: iná ọ́ìlì ṣẹ́jú ní kọ́nà kan, orí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹ́-tẹ́-tẹ́. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa á. Ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì jáde ní gbígbẹ. Kò sí ibi tó ti ń kán sílẹ̀. Àwọn 1ZZ máa ń mu ọ́ìlì, pàápàá èyí tó ṣáájú ọdún 2003, ti èmi náà sì ń mu. Mo gun ọ̀kadà lọ ra lítà mẹ́ta, mo bù ú sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wà láàárín ilà méjèèjì. Tẹ́-tẹ́-tẹ́ lọ, gbọ̀-gbọ̀ ò sì dé.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó ṣáná sí i, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo máa ń fa ọ̀pá náà yọ, màá nù ún, màá tì í padà dópin, màá tún fà á, màá kọ ibi tó dé àti iye kìlómítà sínú ìwé. Báyìí mo mọ̀ pé lítà kan ló ń mu ní nǹkan bíi 1,500 kìlómítà. Lítà kan wà nínú bútù, mo fi aṣọ wé e, mo sì kọ kìlómítà ìgbà tí màá tún bu ọ́ìlì sí i sára ike rẹ̀.